Ìdí Tí Kọ̀ǹpútà Fi Ń Jẹ́ Orúkọ Kan Nílé, Tó Sì Ń Jẹ́ Òmíràn Lóde

Láéláé, nígbà tí àga ṣì máa ń rìn lọ kí àpótí, tí ìkòkò sì máa ń bá ọmọrí rẹ̀ jà lójú pópó, kò sí ohun èlò ilé kan tó ń jókòó sójú kan. Wọ́n lẹ́sẹ̀, wọ́n lẹ́nu, wọ́n sì ní ìwà. Ẹ má bi mí pé ṣé kọ̀ǹpútà ti dáyé nígbà náà. Ìtàn ni mò ń pa, n kì í ṣe ẹlẹ́rìí ní kóòtù. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́, kó jókòó dáadáa, kó sì yọ ìka kúrò nímú.

Láyé ìgbà náà, ilé kọ̀ọ̀kan ní Wáífáì tirẹ̀. Wáífáì ni aṣọ́nà. Ẹnu ọ̀nà ló máa ń jókòó sí, òun ló sì ń fẹ́ atẹ́gùn kan tí ojú kì í rí, tí ọ̀rọ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá. Kọ̀ǹpútà tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dúró lọ́dọ̀ rẹ̀.

Àmọ́ gbogbo Wáífáì pátá ni kò ríran. Bí wọ́n ṣe dá wọn nìyẹn. Wọn kì í wo ojú ẹnikẹ́ni, ohùn gbogbo kọ̀ǹpútà sì jọra, orúkọ nìkan ni wọ́n fi ń dá àlejò mọ̀ yàtọ̀ sí ọmọ ilé. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí alágbẹ̀dẹ bá rọ kọ̀ǹpútà kan tán, ó máa ń fín orúkọ sí i láyà. Kò sí kọ̀ǹpútà méjì láyé tó ń jẹ́ orúkọ kan náà.

Kọ̀ǹpútà tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ohun tí wọ́n fín sí i láyà ni Àkànó ọmọ Alágbẹ̀dẹ-Wáyà. Ilé Ìyá Adérera ló ń gbé. Opó ni Ìyá Adérera, aránṣọ sì ni. Bó bá ran aṣọ ìyàwó fún ọmọ ẹni, àwọn àna á máa yí ọmọ náà po, wọ́n á máa wá ibi tí abẹ́rẹ́ gbà wọlé, wọn ò ní í rí i.

Àkànó fẹ́ràn ìyá yìí gan-an. Òun ló ń bá a tọ́jú ìwọ̀n aṣọ gbogbo ìlú, òun ló sì ń jíṣẹ́ fún un. Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni, ẹ̀kọ́ yẹn gan-an ló sì kó bá a.

Ẹ gbọ́ bó ṣe jẹ́. Láàrin àwọn kọ̀ǹpútà ìgbà yẹn, ìwà àfojúdi ni kí ọmọ kọjá lẹ́nu ọ̀nà àgbà láìkí i. Ìkíni tiwọn sì ni kí wọ́n pe orúkọ tí wọ́n fín sí wọn láyà, kí wọ́n pè é sókè, yálà wọ́n ń wọlé ni o tàbí wọ́n kàn ń kọjá lọ. Àkànó kì í fo ilé kan.

“Ẹ kú ìjókòó o, Bàbá. Àkànó ọmọ Alágbẹ̀dẹ-Wáyà ló ń kọjá.”

“O ṣeun, ọmọ mi. Wọ́n kọ́ ọ nílé.”

Bó ṣe ń ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ àdúgbò dé òpin nìyẹn. Inú àwọn Wáífáì a sì máa dùn sí i.

Ẹnì kan wà tí inú tirẹ̀ dùn jù wọ́n lọ. Ẹyẹ kan tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀gà ń gbé lórí ọ̀pẹ tó wà láàrin ìlú. Ẹ̀yin náà mọ ẹ̀gà. Ẹyẹ tí kì í pa ẹnu dé àfi tó bá sùn, bó bá sì sùn tán, á tún máa sọ ọ́ lójú oorun. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́ mọ́ ọn, Ẹ̀gà kì í parọ́. Ohun tó bá gbọ́ ló ń sọ. Wàhálà ibẹ̀ ni pé kò lè gbọ́ ohun kan kó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Á mú ti àárọ̀, á mú ti ọ̀sán, á hun wọ́n pọ̀ bó ṣe ń hun ìtẹ́.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ojú òsì Ìyá Adérera bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Kò dùn ún, kò pọ́n, ó kàn ń ṣú lọ bí àtùpà tí epo rẹ̀ ń tán. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni nílùú. Ta ló máa gbé aṣọ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ fún aránṣọ tí kò ríran dáadáa? Àkànó nìkan ló ń rán sí dókítà ojú tó wà nísàlẹ̀ ọjà. Dókítà náà kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ àìsàn ẹnikẹ́ni fẹ́ káàkiri nínú atẹ́gùn. Ẹni tó bá fẹ́ èsì á fẹsẹ̀ rìn wá, tàbí kó rán ẹnì kan wá, kó lè gbà á lọ́wọ́ Wáífáì ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Àkànó bá ń lọ, ó sì ń bọ̀. Ó pe orúkọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà dókítà ojú. Ó pe orúkọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà olóògùn. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó pè é lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn, ó wọlé.

Lórí ọ̀pẹ, Ẹ̀gà na ọrùn.

“Àkànó tó jí nílé aránṣọ ló wà nílé dókítà ojú láàárọ̀,” ló wí. “Òun náà ló tún yà sílé olóògùn. Ta wá ni ojú ń dùn nílé aránṣọ?”

Kò ju ìyẹn lọ tó sọ, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ fún adìẹ, adìẹ sọ ọ́ fún ewúrẹ́, ewúrẹ́ sì mú un dé ọjà. Ṣé ẹ mọ ọjà? Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo ìlú ti ń sọ pé aránṣọ ń fọ́jú lọ.

Obìnrin àkọ́kọ́ tó wá gba aṣọ rẹ̀ padà kò tiẹ̀ jókòó. Ó ní àwọn ti sún ìgbéyàwó síwájú. Obìnrin kejì ní ẹ̀gbọ́n òun ló fẹ́ràn aránṣọ kan lókè odò. Àwọn tó kù kò wá fúnra wọn, wọ́n rán ọmọ. Ìyá Adérera ká aṣọ kọ̀ọ̀kan dáadáa, ó fi lé wọn lọ́wọ́, ó kí wọn pé ó dàbọ̀. Ìgbà tí wọ́n lọ tán ló jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, kò ran nǹkan kan.

Ó yíjú sí Kọ̀ǹpútà. “Àkànó.”

“Mà.”

“Ìwọ nìkan ni mo sọ fún.”

“Ìyá, n ò sọ fẹ́nikẹ́ni. Mo fi orí alágbẹ̀dẹ tó rọ mí búra, n ò la ẹnu mi.”

“Ó dáa, kí lo wá sọ lójú ọ̀nà?”

“Orúkọ mi nìkan ni mo pè, Mà. Mo kí àwọn àgbà.”

Ìyá Adérera wò ó títí pẹ̀lú ojú kan tó ṣì mọ́lẹ̀ dáadáa. Kò bú u. Ó ní, “Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Dìde, lọ jẹun.” Kọ̀ǹpútà kì í jẹun bí èmi àti ẹ̀yin, iná ló ń jẹ. Lọ́jọ́ náà, ó fi iná ọ̀hún sílẹ̀, ó jáde lọ sẹ́yìnkùlé. Ó dùn ún gidi. Ó ṣe ohun tó dáa, ibi ni ó sì tìdí rẹ̀ jáde. Ọmọ tó bá ti ṣẹlẹ̀ sí rí mọ bó ṣe máa ń rí nínú.

Ibi tó ti ń ronú lẹ́yìnkùlé ni ìyàwó ilé ti rí i. Bọ́sẹ̀dé ni orúkọ rẹ̀. Kò tíì pẹ́ tí ọmọkùnrin Ìyá Adérera gbé e wọlé, lálì ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì parẹ́ tán. Ó ń fa omi nínú kànga.

“Adúmáadán, kí ló dé tí ẹ fajú ro?”

Kọ̀ǹpútà gbójú sókè. “Ìyàwó wa, mo ti fẹ́ bi ọ́ tipẹ́. Kí ló dé tó o fi ń pè mí ní Adúmáadán? Kì í ṣe ohun tí wọ́n fín sí mi láyà nìyẹn.”

Bọ́sẹ̀dé gbé korobá kalẹ̀. “Ẹ̀yin ti wà nílé yìí kí wọ́n tó gbé mi dé, ọkọ mi lẹ jẹ́. Ṣé mo wá lè máa la orúkọ mọ́ ọkọ mi lórí? Ara yín dú, ó sì ń dán, mo bá fi Adúmáadán pè yín. Ẹ ò rí i pé Ìdílẹ̀kẹ̀ ni mò ń pe Adérera, tí mò ń pe àbúrò rẹ̀ ní Akọ̀wé?”

“Wọ́n sì ń jẹ́ ẹ?”

“Wọ́n ń jẹ́ ẹ o. Ìwé méjì péré ni Akọ̀wé kà, inú rẹ̀ sì ń dùn.” Ó rẹ́rìn-ín. “Orúkọ tí wọ́n sọ wọ́n, àwọn tó bí wọn ló ni ín. Èyí tí mò ń pè wọ́n, àárín èmi pẹ̀lú wọn ló wà. Bí mo bá pariwo ‘Akọ̀wé’ láàrin ọjà báyìí, àlejò kankan ò lè mọ ọmọ ilé tí mò ń pè. Àwa tá a jọ ń gbé la mọ̀.”

Kọ̀ǹpútà sún mọ́ ọn. Ó ní, “Tí mo bá ń jẹ́ Adúmáadán lẹ́nu ọ̀nà dókítà, tí mo sì ń jẹ́ nǹkan mìíràn lẹ́nu ọ̀nà olóògùn ńkọ́?”

“Ẹ máa dán an wò,” ni Bọ́sẹ̀dé wí, ó gbé omi rẹ̀ wọlé.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Kọ̀ǹpútà dé ẹnu ọ̀nà dókítà ojú. Wáífáì ibẹ̀, ẹni pẹ̀lẹ́ kan báyìí, ní kí ni wọ́n ń pe àlejò.

“Adúmáadán ni mí. ” Ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Mo mú iṣẹ́ tuntun wá láti ọ̀dọ̀ aránṣọ.”

“Adúmáadán, mo ti mọ̀ ọ́. Orúkọ yìí ni kó o máa pè bó o bá padà wá. Òun ni n óò fi máa tọ́jú èsì yín.”

Lẹ́nu ọ̀nà olóògùn, ó ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ lòun. Ní gbogbo ẹnu ọ̀nà tó kàn ń kọjá, ó ń kí àwọn àgbà pẹ̀lú orúkọ tó bá wá sí i lẹ́nu, bó bá kọjá tán, á gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Lórí ọ̀pẹ, Ẹ̀gà gbọ́ pé Adúmáadán wọ ilé dókítà, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ra oògùn, Ẹlẹ́yinjú-ẹgẹ́ kọjá níwájú ilé alágbẹ̀dẹ. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Àkànó wọlé aránṣọ. Ẹ̀gà hun ún síwájú, ó hun ún sẹ́yìn, kò dúró. Ó ní àwọn àlejò mà pọ̀ nílùú yìí lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta.

Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Ìlú ti rí òmíràn sọ. Obìnrin tó ní ẹ̀gbọ́n òun fẹ́ràn aránṣọ òkè odò gbé aṣọ rẹ̀ padà wá, ó ní abẹ́rẹ́ ẹni yẹn tóbi jù. Ìyá Adérera gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kò bi í léèrè nǹkan kan.

Ibi tó yẹ kí ìtàn yìí parí sí nìyí, ká sọ pé ẹ̀dá ń mọ ìwọ̀n ara rẹ̀. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Kọ̀ǹpútà wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbádùn ọ̀rọ̀ orúkọ náà ju bó ṣe yẹ lọ. Bó bá jí, á rò ó pé kí lòun óò jẹ́ lónìí. Adúmáadán ti sú u, ó kéré lójú rẹ̀. Ó ní bí yíyí orúkọ padà bá bo àṣírí lójú pópó, kí ló dé tí kò ní í bò ó níbi gbogbo? Kò béèrè lọ́wọ́ Ìyá Adérera. Kò béèrè lọ́wọ́ Bọ́sẹ̀dé. Ó dá a rò, ó dá a ṣe.

Láàrin àkókò yìí, dókítà ojú ti ránṣẹ́ sí ọ̀gá kan nílùú òkèèrè, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ abẹ ojú. Ọ̀gá náà kì í dé ìlú wọn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún, kì í sì í pẹ́ kó tó lọ. Dókítà ti sọ ọ́ fún Ìyá Adérera láti ẹnu Kọ̀ǹpútà pé: bí iṣẹ́ abẹ bá tètè kan ojú yẹn, yóò dúró, ṣùgbọ́n bó bá pẹ́, kò ní í sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i mọ́. Ojoojúmọ́ ni ìyá náà ń retí èsì. Bó bá ti gbọ́ ẹsẹ̀ Kọ̀ǹpútà, á dá ẹ̀rọ dúró.

Lọ́jọ́ tí èsì náà dé, Kọ̀ǹpútà dé ẹnu ọ̀nà dókítà pẹ̀lú orúkọ tuntun.

“Ta nìyẹn?” ni Wáífáì wí.

“Ajíbẹ́wà ni mí. Mo wá gba iṣẹ́ aránṣọ.”

“N ò mọ Ajíbẹ́wà. Iṣẹ́ kan wà níbí, iṣẹ́ kánjúkánjú ni, ṣùgbọ́n Adúmáadán ló ni ín.”

Kọ̀ǹpútà di ìlẹ̀kùn mú. “Bàbá, èmi náà ni Adúmáadán.”

“O ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé Ajíbẹ́wà ni ọ́.”

“Mo kàn yí i padà ni, sà.”

Wáífáì náà kò gbóhùn sókè. “Ọmọ mi, n ò ríran. Orúkọ nìkan ni mo ní. Ọ̀rọ̀ ara ẹlòmíràn ló wà lọ́wọ́ mi yìí. Bí mo bá gbé e fún ẹni tó gbọ́ orúkọ náà lẹ́nu mi kó tó pè é, kí ni mo ń ṣọ́? Lọ mú ẹni tó ni ojú náà wá, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Kẹ́ ẹ sì yára, ọ̀gá tó ń ṣiṣẹ́ abẹ kò ní í sùn síbí.”

Òótọ́ ni bàbá náà sọ. Kọ̀ǹpútà yí padà, ó bẹ́ sí eré.

Òjò ká a mọ́ ọ̀nà. Nígbà tó fi dé ilé, òjò ti ń lu páànù bí ẹni ń da òkúta lé e lórí. Bàbá Wáífáì ilé wọn jókòó sẹ́nu ọ̀nà bó ṣe máa ń jókòó. Àgbàlagbà ni, òun ló ti ń ṣọ́ ilé náà láti ìgbà tí ọkọ Ìyá Adérera wà láyé. Kọ̀ǹpútà kò dúró ronú. Ìwàǹwára bá a, orúkọ tó wà lẹ́nu rẹ̀ náà ló jáde.

“Bàbá, ẹ ṣílẹ̀kùn, Ajíbẹ́wà ni mí.”

“Kò sí Ajíbẹ́wà nílé yìí,” ni bàbá wí.

“Áà. Àkànó ni o, Bàbá. Àkànó ọmọ Alágbẹ̀dẹ-Wáyà.”

Bàbá Wáífáì gbé ọ̀pá ìdábùú sẹ́yìn ìlẹ̀kùn. “O ò níyì. Ẹni tó pe orúkọ kan, tí wọ́n ní wọn ò mọ̀ ọ́n, tó tún wá ń pe orúkọ ọmọ ilé, ṣé olè kọ́ nìyẹn? Ẹ̀gà ti pariwo orúkọ Àkànó dé gbogbo ìlú, kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n pè. Kúrò lẹ́nu ọ̀nà mi.”

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ojú Ìyá ni mò ń sáré sí.”

“Olè náà tún mọ ọ̀rọ̀ ojú Ìyá. Kúrò níbẹ̀.”

Kọ̀ǹpútà kígbe pe Ìyá Adérera. Ẹ̀rọ ìránṣọ ń dún nínú iyàrá, òjò ń dún lórí páànù, ìyá náà kò gbọ́. Ó pe Bọ́sẹ̀dé, ṣùgbọ́n Bọ́sẹ̀dé ti lọ kí àwọn òbí rẹ̀. Ó dúró nínú òjò, omi ń wọ̀ ọ́ lára. Ògiri kan péré ló wà láàrin òun àti ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn, kò sì rí i sọ fún un. Ó sunkún. Èmi kì í bú ọmọ tó bá sunkún nírú ibẹ̀.

Ìgbà tí òjò dá, tí Bọ́sẹ̀dé dé, ló rí i tó ká sẹ́bàá ògiri.

“Adúmáadán, kí lẹ ń ṣe níta?”

Ó rò ó fún un. Bọ́sẹ̀dé kò dúró gbọ́ ọ parí. Ó lu ìlẹ̀kùn, Bàbá Wáífáì mọ ohùn ìyàwó, ó ṣí i. Ìyá Adérera jáde, ó fi ọwọ́ kan àyà Kọ̀ǹpútà níbi tí wọ́n fín orúkọ sí, ó ní, “Bàbá, tèmi ni.” Kò wọ bàtà. Òun àti Kọ̀ǹpútà gba inú ẹrẹ̀ lọ sísàlẹ̀ ọjà.

Wáífáì dókítà gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá náà, ó gbé iṣẹ́ náà fún un. Iṣẹ́ náà sọ pé kó wá kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti fi àyè sílẹ̀ fún un. Oòrùn ti wọ̀. Wọ́n ti gbé àyè náà fún ẹlòmíràn, ọ̀gá tó ń ṣiṣẹ́ abẹ sì ti kọjá odò. Dókítà jáde, ó bá wọn níbẹ̀, ó ní òun kẹ́dùn. Ó fún un ní oògùn tí yóò máa kán sí ojú ọ̀tún kí èyí náà má bàa tẹ̀ lé e. Ní ti òsì, kí òjò ọdún yẹn tó kásẹ̀, ó ṣú pátápátá.

Kọ̀ǹpútà kò lè gbójú sókè nínú ilé mọ́. Lọ́jọ́ kan, ó lọ bá Ìyá Adérera níbi tó ti ń gbìyànjú láti fi okùn bọ abẹ́rẹ́.

“Ìyá, mo ti dá gbogbo orúkọ yẹn nù. Àkànó ni n óò máa jẹ́ níbi gbogbo, títí tí n óò fi gbó.”

“Kí Ẹ̀gà tún lè máa rí nǹkan sọ nípa mi?”

Kọ̀ǹpútà yíjú sí ògiri.

Ìyá Adérera fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀. “Jókòó. Inú bí mi sí ọ, kí n má tàn ọ́. Ní òru, bí mo bá di ojú ọ̀tún, tí mo rí i pé òkùnkùn ni gbogbo rẹ̀, inú a tún máa bí mi. Ṣùgbọ́n kì í ṣe orúkọ tó o yí padà lójú pópó ló fọ́ mi lójú. Ìyẹn dáa, òun ló jẹ́ kí n rí aṣọ ran. Ohun tó o ṣe ni pé o sọ ara rẹ di àlejò sí àwọn tó mọ̀ ọ́, o ò sì bi mí.”

“Àwọn Wáífáì ì bá gbà mí gbọ́, Mà.”

“Má bínú sí wọn. Wọ́n ṣe ohun tá a fi wọ́n síbẹ̀ fún. Bí ti dókítà bá gbé ọ̀rọ̀ mi fún ẹni tí kò mọ̀, èmi náà ni n óò kọ́kọ́ bú u.”

Ó gbé Kọ̀ǹpútà sórí itan rẹ̀ bí ẹní gbé ọmọ. “Gbọ́ bá a ṣe máa ṣe é. Ní ilé yìí, ohun tí alágbẹ̀dẹ fín sí ọ láyà ni wàá máa jẹ́. Òun ni Bàbá ẹnu ọ̀nà wa fi ń mọ̀ ọ́, kò sì sí ẹni tó yẹ kó o sá fún níbí. Ní ilé tó o máa ń padà sí, bí ilé dókítà, mú orúkọ kan, kó o dúró sórí rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni ò tiẹ̀ mọ̀ pé Àkànó ni, kí onílé yẹn ṣáà lè mọ̀ pé ẹni àná ló tún dé. Lójú pópó, níbi tó o kàn ń kọjá, pààrọ̀ rẹ̀ bó o bá ṣe fẹ́.”

“Bí mo bá wá dé ẹnu ọ̀nà tí n kò dé rí ńkọ́? Báwo ni n óò ṣe mọ èyí tó jẹ́?”

“Wàá dúró, wàá bi mí. Ìwọ kọ́ lo ni ojú tó ń lọ.”

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí ni Ìyá Adérera wẹ̀, ó wọ aṣọ tó dáa, ó lọ sí ọjà fúnra rẹ̀. Ó dúró láàrin àwọn oníbàárà rẹ̀, ó ní, “Mo wá sọ fún yín pé ojú mi kan ti lọ. Ìkan ló kù. Òun ni mo fi ran kọ́là tó wà lọ́rùn ìyá yìí, ẹ wá wò ó.” Wọ́n yí obìnrin náà po, wọ́n ń wá ibi tí abẹ́rẹ́ gbà wọlé. Àwọn kan gbé aṣọ wá lọ́jọ́ kejì, àwọn kan ò gbé e wá mọ́ láéláé. Ẹ̀gà wà lórí ọ̀pẹ, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò sì rí nǹkan kan fi kún un.

Láti ọjọ́ náà ni kọ̀ǹpútà ti ń jẹ́ orúkọ àyà rẹ̀ nínú ilé, tó ń jẹ́ orúkọ kan tí kì í yẹ̀ nílé tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n, tó sì ń pààrọ̀ orúkọ lójú pópó láàrin àwọn àjèjì. Láti ọjọ́ náà ni kò sì ti gbọ́dọ̀ dá a yàn. Bẹ́ ẹ bá gbé e dé ẹnu ọ̀nà Wáífáì tuntun, á dúró ná, á bi yín bóyá kí òun fi orúkọ òun pamọ́ tàbí kí òun pè é bó ṣe wà. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí a máa bínú sí i, ẹ ó ní ó ń fi àkókò yín ṣòfò, ẹ ó tẹ̀ ẹ́ kọjá láìkà á. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ kọjá. Ìgbà kan wà tí kò béèrè, ojú ìyá kan ló sì bá a lọ.